Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ ONÍBÀÁRÀ KÒ BÁ RÁYÈ WÁ SỌ́JÀ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín, pé ìwé mẹ́fà ni akọ̀wé kà, kí ló mọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì? Òótọ́ ni, ìwé mẹ́fà náà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹja yíyan tí mo ń tà, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń rà á báyìí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ wo àdúgbò wa. Láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, Sangotedo àti Awoyaya, inú ẹ̀sítéètì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń gbé. Géètì wà níwájú, sìkiọ́rítì dúró tì í, a ò lè kiri wọlé. Ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ á dí, nígbà tí wọ́n á fi padà dé abẹ́ afárá Ajah, a ti kó ọjà wa wọlé. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ọjà wa, wọn ò ráyè ni.

Ọdún 2020 ni ojú mi là. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni kónílé-ó-gbélé kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹ́. Àwọn tó ní nọ́ńbà oníbàárà wọn rí nǹkan tà. Èmi mọ ojú gbogbo tèmi: Ìyá Ìbejì, Madam onígíláàsì, Dádì tó máa ń na ọjà jù. Mi ò ní nọ́ńbà ẹyọ ẹnì kan. Ẹja mi ni mo jókòó tì tí kòkòrò fi dé e.

Nítorí náà, nọ́ńbà ló ṣíwájú. Ẹ má tíì wá àlejò kiri, ẹni tó ti rà lọ́wọ́ yín rí ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Bó bá sanwó tán, ẹ gba nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀, kí òun náà fi tiyín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ níṣojú yín. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́, kò lè rí status yín, broadcast yín kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Broadcast ni ká kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó lọ bá ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kálukú á rò pé òun nìkan la kọ ọ́ sí. Ènìyàn 256 ló lè wà lórí ìlà kan. Ó dára ju group lọ, ibi tí wọ́n á ti máa fi àdúrà àti àwàdà bo ọjà yín mọ́lẹ̀.

Ẹ tún kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kárí ayé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já, gbogbo nǹkan dojú rú ní ọ̀pọ̀ ibi. Ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn tó ń já fóònù gbà. Ẹni tó ní ìwé á pe oníbàárà rẹ̀ lórí ìpè lásán.

WhatsApp Business wà, láti ọdún 2018 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè to àwòrán ọjà yín pẹ̀lú owó wọn, kí ẹ kọ ibi tí ìsọ̀ yín wà àti aago tí ẹ ń ṣí. Ẹ lè ní kí ọmọ yín bá yín gbé e sórí fóònù, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ mi dá màmá kan lóhùn lọ́jọ́ kan, “how much u wan buy”, ẹni tó jù mí lọ! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ti àwòrán: òwúrọ̀ ni kí ẹ yà á, nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́. Ẹ fi aṣọ nu ojú kámẹ́rà, ẹ to ọjà sórí tíréè funfun, kí ẹ fi ọwọ́ yín tàbí ìgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Àwòrán ọjà ẹlòmíràn kò dára, nítorí ọjọ́ tí ọjà bá dé ilé lọ́nà mìíràn, ẹ ti pàdánù ẹni yẹn. Ẹ kọ owó sí i! Àwa kan á gbé àwòrán ata sókè, a ò ní sọ iye kóńgò kan, a ní kí wọ́n wá béèrè. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kò ní ráyè ìyẹn. Wákàtí 24 ni status fi ń wà, nítorí náà ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Abijo kò mọ̀ wá rárá. Google ló máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A lè fi ìsọ̀ wa sórí máàpù Google, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ìsọ̀ náà kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ ni. Google fúnra rẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lórí èyí.

Wàyí o, ibi tó dùn mí. Ọkùnrin kan ra odidi apẹ̀rẹ̀ ẹja àrọ̀ yíyan lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Text wọlé, ó jọ ti báńkì, iye owó pé. Mo di ẹja fún un, mo tún fi edé ṣe ènì. Nígbà tó di alẹ́, mo wo account mi, òfo! Owó àjọ ni mo fi ra ẹja yẹn, oṣù mẹ́ta ni mo fi san án. Text kì í ṣe owó. Ẹ ṣí app báńkì yín, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù báńkì yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí owó náà kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára, ẹ fún un ní àga. Olóòótọ́ á jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà kan tó wọ fóònù yín fún òun, ẹ pa fóònù náà mọ́ ọn létí. WhatsApp yín ló fẹ́ gbà, kó fi máa yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín.

Ti gbígbé ọjà lọ: ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní Eti-Osa láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn dispatch ló kù. Ẹ sọ owó dispatch lọ́tọ̀, owó ọjà lọ́tọ̀, kí ìjà má bàa dé. Ẹ di ọjà olómi ní láílọ́ọ̀nù méjì, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ kó tó gbéra. Oníbàárà méjì tó wà ní ẹ̀sítéètì kan náà lè pín owó dispatch kan, bí ẹ bá ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú.

Ẹni tí kò bá yé, kó wá bá mi nísọ̀ mi lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí fóònù ti ní iná nínú, kí dátà sì wà lórí rẹ̀, nítorí tèmi ti fẹ́ẹ̀ tán.