Orí Tó Ń Fọ́ Ọmọ Yẹn

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yìí kò gba àlàyé. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú un wá sí mi lọ́kàn ni ọmọkùnrin kan tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì kan n'Ìpọ̀nrí l'Ékòó, nígbà tí ìdánwò JAMB ku dẹ̀dẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: “Ẹ tún bá mi po ti ibà àti táífọ́ọ̀dù. Èyí tẹ́ ẹ fún un lọ́jọ́sí, orí ṣì ń fọ́ ọ.” Oníkẹ́mísìtì kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó ka hóró funfun, ó ka pupa, ó dà wọ́n sínú ọ̀rá. Ọmọ náà rọra ní, “Mọ́mì, tí mo bá ti ṣí ìwé ni.” Ìyá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di báyìí.

Ohun tí ọmọ yẹn sọ ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn láti ọdún 1960. Dókítà ọpọlọ kan, ará Kánádà, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí, ojú wọn ń ṣú, ìwé tí wọ́n ń kà kò wọlé. Brain fag ni wọ́n pè é.

Bí ìnira ọkàn ṣe ń di ìrora ara nìyí: bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ọpọlọ á ké sí ara pé ogun dé. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní cortisol àti adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa já, iṣan ọrùn á le, inú á máa run, oorun á dá. Bí ohun tó dẹ́rù bà á bá kọjá, ara á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ọmọ ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, owó ilé-ìwé tí kò pé, bàbá àti ìyá tó ń jà nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń sùn, ìwọ̀nyí kì í kọjá bọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ó sì ń ti ara dé ọkàn náà: ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí ìrora eegun dá dùbúlẹ̀, ìrònú á bá a, ìrònú ọ̀hún á tún jí ìrora dìde. Àwọn ìyá tó ń lọ sí ibùdó Sickle Cell n'Ídí-Àràbà mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ dákun, ẹ yéé po oògùn. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ibùdó ìlera kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ibà kì í pẹ́. Bí kò bá sí ibà, kí la tún ń fi oògùn ibà ṣe? Parasítámọ́ gan-an, ẹni tó bá ń lò ó tó ọjọ́ 15 lóṣù, tí èyí sì di oṣù mẹ́ta, oògùn náà lè wá di ohun tó ń fọ́ ọ lórí.

Ibi tí èmi àti òwe ti pínyà nìyí. Òwe di ẹ̀bi ru ẹni tó dákẹ́, àmọ́ ọmọ yẹn kò dákẹ́. Ó sọ ọ́, wọ́n pè é lọ́lẹ. Orí rẹ̀ ń sọ ọ́, wọ́n fi hóró oògùn dí i lẹ́nu. Àwa la kọ́ àwọn ọmọ ní ìdákẹ́jẹ́: “Kí lo ní tí o fi ń ronú? Ṣé ìwọ lò ń san owó ilé ni?” Bí ọmọ bá tún sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀, ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé e lọ Yábà Left, ilé ìwòsàn ọpọlọ, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ àjọ WHO sọ pé nínú ọ̀dọ́ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ń bá àìsàn ọpọlọ yí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín. Ẹ má bi wọ́n níwájú àbúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ jọ máa ṣa ẹ̀wà, tàbí kí ẹ jọ máa bọ̀ láti ọjà. Ẹ bèèrè oorun, ẹ bèèrè oúnjẹ, ẹ bèèrè ohun tó ń já a láyà. Kí ẹ wá panu mọ́ kó sọ tán. Ìwàásù lè dúró.

Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí kò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábà kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí: Harvey Road ló wà, láti 1907. Ẹ̀ka tọmọdé àti ọ̀dọ́ wà l'Óṣòdì. Bí ó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má bá a jà, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.