Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, 'Nice'

Bí ọmọkùnrin kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá kọ ìwé sí bàbá rẹ̀ nílé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe, pé òun ti rí ọmọbìnrin tí òun yóò fi ṣe aya, àti pé ọmọbìnrin náà 'nice' púpọ̀, tí a sì ní kí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ìwé náà fún bàbá, kí ni ìwọ yóò wí? Bí o bá wí pé, "Ó ní ó dára," bàbá kò ní ṣàì béèrè pé, "Ìwà rẹ̀ ni ó dára ni, àbí ojú rẹ̀?" Òtítọ́ ni pé ìwé náà kò sọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí lè dúró fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwa, ọ̀tọ̀ ni arẹwà, ọ̀tọ̀ ni oníwà pẹ̀lẹ́, kò sì sí àgbà tí yóò gbé ìyàwó wọlé fún ọmọ rẹ̀ láìmọ èyí tí à ń wí.

Ọbẹ̀ tí ó bá 'nice', ó dùn ni. Ẹ̀wù tí ó bá 'nice', ó wuyì ni. Ẹni tí ó bá 'nice' sí àlejò, ó lọ́yàyà ni. Bí òyìnbó bá wí pé tíì òun 'nice and hot', kì í ṣe adùn rẹ̀ ni ó ń yìn. Ó gbóná tó bí òun ti fẹ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gàn ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ da epo sílẹ̀ lè wí pé, 'A nice mess!', gẹ́gẹ́ bí ìyá tiwa yóò ti wí pé, "O káre láé!" Ohùn ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yani lẹ́nu. Láti ara 'nescius' ti èdè Látìn ni, èyí tí í ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan. Ó gba inú èdè Faransé kọjá, nígbà tí ó sì dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300, òmùgọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀! Lẹ́yìn náà ni ó di ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, ó di ohun tí a ṣe fínnífínní, kí ó tó wá di ọ̀rọ̀ ìyìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Jane Austen, obìnrin òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú Northanger Abbey, tí a tẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 1817. Ọmọbìnrin kan fi 'nice' yin ìwé kan níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun gbogbo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń yìn.

Ìtumọ̀ àtijọ́ kò tí ì kú tán. 'A nice distinction' kì í ṣe ìyàtọ̀ tí ó dára. Ìyàtọ̀ tínrín ni, tí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí.