Bí Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Sọnù, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Òòlù Ṣí I

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà tí ẹ ṣì ní ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀, ìbáà ṣe Ìjàpá tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975, ìbáà ṣe Peugeot 504 ti Kàdúná, tàbí Mercedes tí bàbá yín fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni ọmọkùnrin tó mú sukudiráfà àti òòlù lọ́wọ́, tó ń ní kò le. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró.

Ìdí rèé. Inú ilé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wò lára ilẹ̀kùn yẹn ni àwòrán kọ́kọ́rọ́ tó sọnù wà. Ègé idẹ wẹ́wẹ́ ló tò síbẹ̀, sípíríǹgì ń tì wọ́n, gíga wọn ò dọ́gba. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn tí wọ́n fi ń bára mu, kó tó lè yí. Agékọ́kọ́rọ́ tó mọṣẹ́ á tú u, á ka àwọn idẹ náà, á sì gé òmíràn bá wọn mu. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá wà ní títì, á ki kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín bọ ihò, á mì ín díẹ̀, á yọ ọ́, á wo ibi tí idẹ ti fi àpá sí, á fi fáìlì ha ibẹ̀, á tún kì í bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí òòlù bá ti kan ibẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà mọ́, ẹ máa dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ wá ilé kọ́kọ́rọ́ àlòkù ni.

Ti Ìjàpá tún rọrùn. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ sára ìdìmú ilẹ̀kùn, lápá tó wọnú. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ tú sukúrù etí rẹ̀, ẹ yọ ìdìmú, ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nu ún, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá fi nọ́ńbà gé sàn ju èyí tí wọ́n dà kọ lára ògbólógbòó, nítorí ẹ̀rọ máa da ibi tó ti jẹ kọ pẹ̀lú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kọ̀ǹpútà nítorí ṣíìpù inú kọ́kọ́rọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin Yúróòpù sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ tó ń dá íńjìnì dúró fún olè. 504 ayé àtijọ́ kò ní ṣíìpù kankan nínú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ má san án.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí wọ́n máa da wáyà pọ̀ láti fi tan ọkọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́. Nínú Ìjàpá, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú ni táńkì epo wà, kò sì jìnnà sí wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Ìtapàrà iná kan ṣoṣo ti tó. Bí íńjìnì ò bá sì dún, tí iná ṣì ń wọ kọ́ìlì, kọ́ìlì á gbóná, kọ́ńtáàtì á jó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1970 ló tún ní irin tó ń ti sítíárìn pa. Wọ́n á ní kí ẹ fagbára yí i kó dá. Bí àfọ́kù irin náà bá wá há nígbà tí ẹ ń yà kúrò lójú títì Ìkòròdú, níbi tí dánfó wà lẹ́yìn yín, kí lẹ fẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin oní-Mercedes W123, ilé kọ́kọ́rọ́ ìtanná yín kì í jáde àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá kọ́kọ́ yí dé ìpele kìíní. Bó bá ti ń há, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì ń yí.

Ẹ dúró ti agékọ́kọ́rọ́ títí yóò fi parí, kí ẹ gba èyí tó gé bàjẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá béèrè ìwé ọkọ̀, ẹ má bínú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ẹni tó ń fọ ọkọ̀, torí ọṣẹ rírọ̀ ti tó fún olè láti gba àwòrán rẹ̀. Bí ti ilé àti ti ọkọ̀ bá jọ sọnù, ẹ pààrọ̀ ilé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí i, ẹ kọ́kọ́ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí.

Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ yín kò tíì sọnù, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ìkejì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀ tó wà nílé.