Ìrosùn: Igi líle tí ìyẹ̀ rẹ̀ wà lórí ọpọ́n



Láìpẹ́ yìí, ọmọ awo kan gbé ìyẹ̀rosùn tó rà lọ́jà wá hàn mí. Mo dà á sọ́wọ́, ó pupa. Mo ní, "Ọmọ mi, osùn ni wọ́n tà fún ọ." Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ti fi dá Ifá fún èèyàn méjì. "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ ni?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ igi náà. Ìrosùn kì í ga bí ìrókò, àmọ́ igi rẹ̀ le gan-an. Wọ́n ń fi ṣe òpó ilé, ọ̀pá ìtilẹ̀, ọmọ-odó àti èèkù irinṣẹ́ oko. Inú rẹ̀ pupa. Bí wọ́n bá lọ inú pupa yìí lórí òkúta pẹ̀lú omi, osùn ìkunra nìyẹn, tí wọ́n fi ń kun ìyàwó àti ọmọ tuntun. Igi mìíràn náà wà tí wọ́n ń rí osùn lára rẹ̀.

Ìyẹ̀rosùn yàtọ̀. Ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ń lọ̀ ọ́. Ikán ló ń jẹ igi ìrosùn tó ti gbẹ. Ìyẹ̀ tó bá dà sílẹ̀ la ń kó, la ń fi asẹ́ jọ̀. Ó fẹ́ jọ gààrí funfun, àmọ́ ó kúnná jù ú lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Igi tí àáké ń bá wọ̀yá ìjà, ikán fi sùúrù sọ ọ́ di ìyẹ̀.

Orí ìyẹ̀ yìí la ti ń tẹ odù. Ikin 16 là ń gbá: bó bá ku méjì lọ́wọ́, a tẹ ẹyọ kan, bó bá ku ẹyọ kan, a tẹ méjì. Bó bá jáde ní ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, Ìrosùn Méjì nìyẹn, odù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú igi wa.

Torí náà mo dá ọmọ náà lóhùn: "Ikin ló sọ̀rọ̀, ìyẹ̀ kàn gbà á sílẹ̀ ni. Odù tó jáde ò yí padà. Àmọ́ padà lọ bá àwọn méjèèjì, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Awo kì í bo àṣìṣe." Ojú tì í o, àmọ́ ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kàn máa rà á lọ́jà láìmọ igi tó ti wá. Ìrosùn ṣeé gbìn. Ó dára fún ọgbà àyíká ilé. Ẹ gbin ẹyọ kan, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a.