Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Kí Ẹ Tó Yá Owó Ra Tọ́bò Mìíràn, Ẹ Wo Ọ̀nà Tí Ọ́ìlì Ń Gbà Padà

Ẹ̀kọ́ wa ti ìdá mẹ́rin ọdún yìí kì í ṣe lórí ìwé ìṣirò tàbí èlé orí owó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó àjẹṣẹ́kù náà ni.

Àwa ará Rẹ́mọ kì í ṣe àlejò nídìí ọkọ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò kí ó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a mọ bí ọkọ̀ ṣe ń wọ́ kọjá lẹ́bàá Ṣágámù, Ògèrè àti Ìsarà wa níbí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tírélà tí ń sinmi ní Ògèrè ni ó ní tọ́bò lára ẹ́ńjìnnì wọn. Nítorí náà, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ti ṣe onídùúró fún ẹni tí ó ní i.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Ìsarà, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, ń tún ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ó ní tọ́bò, ó sì fẹ́ kí ó wọ inú ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣeé tì mọ́. Wẹ́dà bá a rọ irin mìíràn, ó sì gbé tọ́bò náà sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sọ́ǹpù dọ́gba. Sọ́ǹpù ni àwo ńlá tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí wọ́n tan ọkọ̀ náà, inú gbogbo ènìyàn dùn. Kò pẹ́ tí èéfín aláwọ̀ búlúù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì sì ń dínkù lórí géèjì. Mẹ́káníìkì ní tọ́bò ti kú. Arákùnrin yìí yá owó ẹgbẹ́, ó ra òmíràn. Èéfín náà kò lọ. Ó tún kọ ìwé pé òun fẹ́ yá owó ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí kò tíì san ìdajì ti àkọ́kọ́. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì kò sùn mọ́ lóru, nítorí owó tí àwọn fi pamọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó wà lórí ìdúró náà.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ owó yíyá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Tọ́bò méjì ha lè bàjẹ́ ní ọ̀nà kan náà láàárín oṣù mẹ́ta?” Ìbéèrè yìí ni ó mú wa wá sí ẹ̀kọ́ òní.

BÍ TỌ́BÒ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Alfred Büchi, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní 1905. Ní 1962 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní i. Èrò náà kò le. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ni a fi ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀pá kan so abẹ̀bẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ èkejì, èkejì sì ń fún afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí epo lè jó dáadáa kí agbára sì pọ̀.

Ọ̀pá àárín yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Irin kò lè fi ara gbún irin ní irú eré bẹ́ẹ̀. Orí ọ́ìlì ni ó ń léfòó. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé ọ́ìlì wá láti ara ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú agbára pọ́ọ̀mpù. Nígbà tí ọ́ìlì bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò sí pọ́ọ̀mpù tí ń tì í mọ́. Ó kàn ń rọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú páìpù ńlá, ó ń padà sí sọ́ǹpù, bí omi òjò ṣe ń rọ́ láti orí páànù.

Ohun méjì ni kí ẹ rántí níbí. Èkíní, ọ́ìlì tí ń jáde kì í ṣe ọ́ìlì lásán. Ó ti po pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ó ń hó bí ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, nítorí náà ó ń fẹ́ àyè ju èyí tí ó wọlé lọ. Ìdí nìyí tí páìpù àbájáde fi tóbi. Èkejì, ríìngì kéékèèké tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá náà kì í ṣe ìdè tí ó lè dá ọ́ìlì dúró. Bí ọ́ìlì kò bá rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, yóò kún inú tọ́bò, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì jáde. Ọ̀kan yóò bọ́ sínú sàlẹ́ńsà, a ó rí èéfín búlúù. Òmíràn yóò bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Èyí tí ó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì léwu, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa jó o bí epo, kí ó máa sáré lọ fúnra rẹ̀, kí a pa kọ́kọ́rọ́ kí ó má kú.

Ẹ wá rí i báyìí: tọ́bò tuntun tí a so mọ́ páìpù tí ó dí yóò tú ọ́ìlì bí èyí tí ó ti gbó. Kì í ṣe ẹ̀bi tọ́bò.

ÀWỌN OHUN TÍ Ń DÍ ỌNÀ ÀBÁJÁDE

1. Ipò tọ́bò. Ẹnu àbájáde gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 35 lọ kúrò ní òòró gangan, ọ́ìlì kò ní í jáde dáadáa.

2. Páìpù tí ó tẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni kí páìpù máa dà lọ. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tí ó tún gòkè, tàbí tí ó nà gbalaja, ọ́ìlì yóò dúró níbi kòtò náà.

3. Páìpù tí ó há. Kí ihò inú rẹ̀ má kéré sí ààbọ̀ íǹṣì, ó sì sàn kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Họ́òsì rọ́bà tí kì í ṣe ti ọ́ìlì gbígbóná lè wú nínú, kí ihò rẹ̀ dí, síbẹ̀ kí òde rẹ̀ máa dán.

4. Gọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì a máa fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì kún ẹnu páìpù. Bí a bá dè é, gọ́ọ̀mù náà yóò fún wọ inú ihò, yóò sì dí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan tó, kí ihò rẹ̀ sì bá ihò irin mu.

5. Ibi tí páìpù wọ sọ́ǹpù. Òkè ojú ọ́ìlì ni kí ó ti wọlé. Bí ó bá wọ ìsàlẹ̀ ojú ọ́ìlì, ọ́ìlì tí ó wà nínú sọ́ǹpù yóò máa tì í padà. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá da ọ́ìlì kọjá àmì òkè lórí géèjì.

6. Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí bá dí, tàbí tí ríìngì písítìn ti jẹ, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ nínú sọ́ǹpù, yóò sì máa ti ọ́ìlì padà sí tọ́bò. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde fúù, ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÁN AN WÒ

Kí a tú páìpù àbájáde kúrò lára sọ́ǹpù, kí a sì dí ihò sọ́ǹpù. Kí a darí ẹnu páìpù náà tààrà sínú agolo mímọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ tọ́bò. Kí a tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan péré, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a pa á, kí a wo géèjì, kí a dá ọ́ìlì padà, kí a tún ṣe é. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà. Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì gbígbóná, ẹ má sì jẹ́ kí ó kán sórí sàlẹ́ńsà, nítorí iná.

Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú. Ọ́ìlì tí ó ti wà nínú sàlẹ́ńsà tẹ́lẹ̀ yóò máa jó fún ìgbà díẹ̀. Bí èéfín bá ń dínkù títí ó fi lọ, páìpù tàbí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni ó ní ẹ̀bi. Bí kò bá dínkù rárá, kí a yẹ tọ́bò wò nígbà tí ó tutù. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń ha ilé rẹ̀, tàbí tí ọ̀pá ń lọ síwá sẹ́yìn, nígbà náà ni a lè sọ pé tọ́bò ti bàjẹ́.

ÀTÚNṢE FÚN TỌ́BÒ TÍ Ó WÀ NÍSÀLẸ̀ JÙ

Àkọ́kọ́, kí a gbé e sókè bí àyè bá wà. Íǹṣì méjì lè tán gbogbo wàhálà.

Èkejì, kí a yí ilé àárín tọ́bò kí ẹnu àbájáde kọjú sísàlẹ̀, kí a gé páìpù kúrú, kí a sì jó ẹnu tuntun mọ́ ara sọ́ǹpù níbi tí ó ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Kí a tú sọ́ǹpù sílẹ̀ kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, kí a sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí ìdọ̀tí irin má bàa pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀kẹta, bí tọ́bò bá wà nísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì tí kò sì ṣeé gbé, kò sí ọgbọ́n páìpù tí yóò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọ́ìlì kì í ṣàn gòkè. Pọ́ọ̀mpù ni a nílò. A ó fi agolo irin kékeré sí abẹ́ tọ́bò kí ọ́ìlì máa rọ́ sínú rẹ̀, pọ́ọ̀mpù yóò sì máa fà á padà sí apá òkè ẹ́ńjìnnì. Kí ó jẹ́ pọ́ọ̀mpù tí ó lè gba ọ́ìlì gbígbóná àti ìfófòó, kí agbára rẹ̀ sì ju ọ́ìlì tí ń wọlé lọ. Pọ́ọ̀mpù epo bẹntiróòlù kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Kí a fi fíúsì sí wáyà rẹ̀ àti iná pupa níwájú awakọ̀, nítorí bí ó bá dákẹ́, tọ́bò yóò kún láìpẹ́. Irú èyí ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tí a gbé tọ́bò rẹ̀ sí ìdí sàlẹ́ńsà lẹ́yìn.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe fún páìpù tí ń gbé ọ́ìlì wọlé pọ̀ kí èéfín lè dínkù, àyàfi bí ẹni tí ó ṣe tọ́bò náà bá ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi ọ́ìlì ń pa tọ́bò kíákíá ju kíkún lọ. Bí ọkọ̀ bá sì ti sáré dé, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó pa á.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Nígbà tí wọ́n dán ọkọ̀ arákùnrin wa wò pẹ̀lú agolo, èéfín lọ. Páìpù rẹ̀ nà gbalaja, ó sì wọ sọ́ǹpù nísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì. Iṣẹ́ wẹ́dà ọjọ́ kan àti họ́òsì kan ni ó tán an. Ó fa ìwé owó yíyá ẹ̀ẹ̀kejì ya fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tọ́bò kejì ti lọ, ó sì ń san án títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni tọ́bò àkọ́kọ́, tí kò ṣe nǹkan kan, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Owó àjẹṣẹ́kù kò yàtọ̀ sí ọ́ìlì yìí: a kì í wo bí ó ṣe wọlé nìkan, a máa ń wo ọ̀nà tí ó ń gbà padà. Kí ìgbìmọ̀ owó yíyá máa béèrè pé, “Kí ni ó ba èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ jẹ́?” kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ìpààrọ̀ ohunkóhun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí tí páìpù àbájáde ọ́ìlì fi tóbi ju ti àwọlé lọ?
2. Kí ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó sọ pé tọ́bò ti kú?
3. Nínú owó tí ẹgbẹ́ yín yá ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dún tí ó kọjá fún àtúnṣe ẹ̀rọ, mélòó ni a yẹ ìdí ìbàjẹ́ rẹ̀ wò kí a tó san án?