Adé àti Afárá Eyín

Bí eyín àgbàlagbà bá yọ, òmíràn kì í hù mọ́. Àlàfo rẹ̀ kì í sì í ṣe èjí tí Yorùbá ń yìn: eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè fì sí i, jíjẹ àgbàdo sísun a sì di iṣẹ́.

Bí eyín bá kán tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì yè, oníṣègùn eyín a gbẹ́ ara rẹ̀ kúrò díẹ̀, a fi adé irin tàbí tánganran dé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ, eyín méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo ni a ó gbẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ yè, kí a lè so eyín àtọwọ́dá mọ́ adé wọn, bí afárá lórí òpó méjì. Nítorí náà, àgbẹ̀ Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà tí ó bá sáré fa eyín tí ó ṣe é dé, ohun tí ó pàdánù lè ju eyín kan lọ.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, ní àwọn oníṣègùn eyín. Ṣùgbọ́n ìrìn kan kì í sábà tó, nítorí a ní láti wọn ẹnu aláìsàn kí a tó rọ adé náà.