Bí Kòkòrò Oko Bá Ń Ya Wọlé Lásìkò Òjò: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Ìdèrè àti Gbogbo Ìbàràpá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, ìmọ̀ràn yìí dá lórí àwọn kòkòrò tó máa ń ya wọ inú ilé bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, a ó tan iná, kí a tó jẹun tán, wọ́n ti bo ògiri, wọ́n ti já sínú ọbẹ̀, wọ́n ti ń rìn lórí ẹní tí ọmọ sùn sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé oògùn oko, wọ́n á fọ́n ọn yí yàrá ká. Ìyẹn gan-an la fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí ló ń bá yín ṣọ́ oko. Iná ló pè wọ́n wá, ihò ara ilé ló sì gbà wọ́n wọlé. Ẹni tó bá tún iná àti ihò ṣe ti borí wọn láìfi májèlé sínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ẹ KỌ́KỌ́ DÁ WỌN MỌ̀

Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀, ìwà wọn ò sì dọ́gba.

Èkíní ni èyí tí òyìnbó ń pè ní ladybird. Ó kéré, ó rí roboto bí ìdajì ẹ̀wà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, àmì dúdú wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán. Lórí ẹ̀wà lẹ ti sábà ń rí i, níbi tí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú ti ṣù mọ́ ọ̀mùnú àti òdòdó, tí wọ́n ń fa oje rẹ̀ mu. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́: ó gùn díẹ̀, kò ní ìyẹ́, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ọsàn. Òun náà ń jẹ wọ́n tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń pa á nítorí pé wọn ò mọ̀ pé ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ni. Ladybird kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni omi ofeefee kan tó korò, tó sì ń rùn, máa ń jáde ní oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí í kó àbàwọ́n bá aṣọ àti ògiri.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀ kan tó máa ń wà lórí ewé ẹ̀gúsí àti elégédé. Ara tèyí kì í dán, irun wẹ́wẹ́ ló bò ó, ó sì ń ha ewé jẹ títí yóò fi ku iṣan nìkan. Ọ̀tá oko ni. Ẹ máa fọwọ́ ṣà á láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ dà á sínú omi ọṣẹ.

Èkejì ni èyí tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ dáadáa: Nairobi fly. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gùn ju mìlímítà 10 lọ, èèyàn sì lè kọ́kọ́ rò pé èèrà ni. Orí rẹ̀ dúdú. Àyà rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ìyẹ́ tó bò ó lẹ́yìn kúrú gan-an, ó ní àwọ̀ búlúù tó ń kọ mànà. Ikùn rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ sì tún dúdú. Bó bá ń sáré lórí ògiri, ó máa ń gbé ìdí sókè. Kì í jẹni, kì í sì í tani. Inú ara rẹ̀ ni oró rẹ̀ wà, oró yẹn kì í sì í kan ènìyàn àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tàbí tí a fi ọwọ́ rà á. Ní oko, ọdẹ ni òun náà: ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ wẹ́wẹ́ àwọn kòkòrò tó ń ba ewé jẹ́. Ilẹ̀ tútù ló fẹ́ràn, bí àkùrọ̀, etí odò, oko ìrẹsì àti abẹ́ koríko tó ń jẹrà.

Ẹ̀kẹta ni èsúnsún, ìyẹn ikán tó ń fò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń yan án jẹ. Bó bá ti oko fò wá, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti inú ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn yín ló ti ń jáde, ikán ti tẹ̀dó sínú ilé nìyẹn. Ẹ yẹ igi òrùlé wò kíákíá.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti pákí gbígbẹ. Iná kọ́ ló pè wọ́n, wọn ò sì tòde wá. Inú àpò yín ni wọ́n ti ń jáde. Bí ẹ bá rí wọn lórí ògiri, ẹ lọ tú àpò wò.

KÍ LÓ Ń MÚ WỌN WỌLÉ?

Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ á kún, Nairobi fly á fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀, á máa wá ibi tó gbẹ. Bí a bá tún ro oko tàbí pa igbó ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí ti tú nìyẹn. Lóru, iná ni wọ́n ń tọ̀. Iná funfun tó mọ́lẹ̀ yòò, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò báyìí pẹ̀lú sólà, máa ń fà wọ́n ju iná aláwọ̀ ofeefee lọ. Àkókò tí omi pọ̀ nílẹ̀, láti oṣù Èbìbí títí dé Ọ̀wàrà, ni kí ẹ máa ṣọ́ra jù.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Ìbàràpá nìkan. Lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá El Niño ọdún 1997 sí 1998, Nairobi fly bo ìlú Nairobi ní Kenya. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà kọ ìròyìn bí ó ṣe bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára jà ní gúúsù Nàìjíríà níbí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Britain náà ní tiwọn: ladybird kan tó ti Éṣíà wá, Harmonia axyridis, máa ń kóra jọ wọ ilé wọn nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà kó lè máa jẹ kòkòrò oko; ó dé Britain ní 2004. Òtútù ló ń lé e wọlé níbẹ̀. Nítorí pé a ò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, ladybird tiwa kì í pọ̀ nínú ilé tó bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE NÍNÚ ILÉ

1. Ẹ dí ihò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí ibi tó là lára ògiri, àyíká férémù, àti àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù. Oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó dé, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

2. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé. Kí ojú rẹ̀ wẹ́ dáadáa, nítorí Nairobi fly tẹ́ẹ́rẹ́. Nẹ́ẹ̀tì tó ti ya kò wúlò. Ẹ rán an.

3. Ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn kí ẹ tó tan iná, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan án.

4. Ẹ pààrọ̀ gúlóòbù funfun sí aláwọ̀ ofeefee, pàápàá níwájú ilé. Ẹ má fi iná sí òkè ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá nílò iná níta, ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí kòkòrò lè máa lọ síbẹ̀.

5. Ẹ má jẹ́ kí iná wà lókè ibùsùn. Ibẹ̀ ni Nairobi fly ti ń já lu ẹni tó ń sùn. Ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì. Nẹ́ẹ̀tì kan náà ń gbà yín lọ́wọ́ ibà.

6. Ẹ gbọn ẹní, aṣọ ìbora àti aṣọ tí ẹ sá síta kí ẹ tó lò wọ́n.

7. Ẹ pa koríko etí ilé, kí ẹ sì kó èèpo àgbàdo àti èèpo pákí tó ń jẹrà kúrò lẹ́bàá ògiri. Inú oko ni ìdọ̀tí yẹn ti wúlò.

Bí kòkòrò bá ti wọlé ná, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá wọn jọ pẹ̀lẹ́, kí ẹ dà wọ́n sínú abọ́ tí omi ọṣẹ wà. Ladybird ní tirẹ̀, ẹ kó o sínú ike, kí ẹ dà á padà sórí ẹ̀wà.

BÍ NAIROBI FLY BÁ BÀ SÁRA

Ẹ má gbá a. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú atẹ́gùn ẹnu, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gun orí bébà, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé ní èyí, nítorí ọwọ́ wọn yá láti gbá kòkòrò.

Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fọ aṣọ tó kàn án. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Oró náà kì í fi ara hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 12 sí 48 ni ibẹ̀ yóò pọ́n, tí yóò máa jóni, tí ìléròrò yóò sì yọ, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìlà gbọọrọ bí ibi tí ọwọ́ ti rà á. Bó bá wà ní oríkèé apá, apá kejì tó bá a pàdé náà yóò bó. Nítorí pé ó ti pẹ́ kí egbò tó yọ, ọ̀pọ̀ kì í rántí kòkòrò. Àwọn kan á ní aláǹtakùn ló tọ̀ sáwọn lára, àwọn mìíràn á máa fura sí aráalé wọn.

Aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi tútù máa ń dín jíjó náà kù. Ẹ má họ ọ́, ẹ má bẹ́ ìléròrò, ẹ má sì fi epo bẹntiróòlù tàbí omi bátìrì sí i. Ó sábà máa ń san láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ó sì lè fi àpá dúdú sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan ojú, bó bá tẹ́ lọ lára, bó bá gba ọyún, tàbí tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, ẹ má jókòó sílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.

Ẹ MÁ FỌ́N OÒGÙN OKO SÍNÚ ILÉ

Oògùn tí a ṣe fún oko kò sí fún yàrá. Ọmọ tó ń rá lórí ilẹ̀ á fi ọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ sẹ́nu. Èéfín rẹ̀ á wọ inú omi mímu àti gààrí tí a ò dé. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títà ìgò kékeré dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní DDVP, ní ọjà àti ilé ìtajà gbogbo, nítorí jàǹbá tó ń ṣe. Ẹ má sì dà á sórí ẹ̀wà tàbí àgbàdo tí ẹ kó pamọ́. Ó ti pa èèyàn.

Fún kòkòrò inú àká, ọ̀nà tó dára wà. Ẹ sá àgbàdo títí omi inú rẹ̀ kò fi ju ìdá 13 nínú 100 lọ; bí ẹ bá fi eyín gé e, yóò dún ká. Ẹ má da ti ọdún yìí pọ̀ mọ́ ti èṣí. Ẹ ra àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, ẹ kún un, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ di ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tán, á sì kú láìsí oògùn kankan.

NÍ OKO: Ẹ DÁ ỌDẸ YÍN SÍ

Ẹ̀yin tó ń gbin pákí, ẹ fetí sí èyí. Ní ọdún 1973 ni kòkòrò funfun ẹlẹ́fun kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá fara hàn lórí pákí ní Congo, ó sì tàn dé Nàìjíríà, ó ń sọ orí pákí di kíká, ó ń run oko. Oògùn kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, mú agbọ́n tín-tìn-tín kan wá láti Paraguay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Agbọ́n náà ló dá pákí padà fún wa, àwọn ladybird sì wà lára àwọn tó ń jẹ kòkòrò yẹn. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995 lórí iṣẹ́ yìí.

Láti 2016 tí kòkòrò ajẹ-àgbàdo ti Amẹ́ríkà ti dé, ọwọ́ àgbẹ̀ ti yá jù sí oògùn. Ẹ yẹ oko wò kí ẹ tó fọ́n ọn. Bí ẹ bá rí ladybird àti ọmọ rẹ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀wà, ẹ fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀. Bí oògùn bá pọn dandan, ibi tí kòkòrò wà nìkan ni kí ẹ fọ́n ọn sí, ní ìrọ̀lẹ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará Ìdèrè kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tí sòbìyà ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ nílùú yìí, ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá yín ṣiṣẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan sì kọ́ láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìyà ti kúrò ní Nàìjíríà. Aṣọ asẹ́ kò wọ́n, àfaradà ilé kọ̀ọ̀kan ló mú un ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ fi Nairobi fly han àwọn ọmọ yín, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ dí ihò ilé yín kí òjò tó dé, kí ẹ sì gbé oògùn oko kúrò nínú yàrá lónìí.